Ibi Tí Fọ́ọ̀mù Parí Sí

Ojú ewé mẹ́fà ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ ní Alágbàká.
Ó béèrè orúkọ bàbá, ó béèrè iṣẹ́ ìyá,
ó béèrè bóyá òrùlé ń jò,
ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń jẹun lóòjọ́,
ta ló ń na ọmọ, kí ló fi ń nà án.
Ó wọ yàrá, ó yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò,
ó dé ẹnu ọ̀nà,
ó dúró.

Nílé Akínbọ̀dé ní Ìjọ̀kà, kò sóhun tó wọ́.
Ìyá rẹ̀ fi omi tútù lọ̀ mí,
bàbá rẹ̀ fi ìdí ṣòkòtò nu àga kí n tó jókòó.
Ìwé ọmọ náà wà ní títò lórí fíríìjì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́.
Mo máàkì "bẹ́ẹ̀ ni", mo tún máàkì "bẹ́ẹ̀ ni",
mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: kò séwu.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá rẹ̀ pè mí láago márùn-ún ìdájí.
Kò sunkún. Ó kàn ní,
"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kọ̀wé nílé wa,
ṣé ẹ mọ ilé alájà kan tí wọn ò tíì kùn, lọ́nà Ọ̀dà?"

Mi ò mọ̀ ọ́n.
Ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti oṣù kẹfà.

Látìgbà náà ni mo ti ń kó bébà funfun sápò.
"Ya ọ̀nà iléèwé rẹ dé ilé fún mi."
Bí báírò bá ń sáré, mo dákẹ́.
Ibi tó bá ti yà bàrà ni mo ń ṣọ́.
Tèmídire yí odindi àdúgbò kan po ní Arákàlẹ̀
kó má bàa kọjá níbi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù.
"Bùrọ̀dá yẹn máa ń fún mi ní káàdì ọ̀fẹ́.
Ó ní kò sóhun tí òun fẹ́."
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá.
Kò sóhun tó wọ́n lọ́jà ayé tó "kò sóhun tí mo fẹ́".

Àwọn àgbà ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.
Iṣẹ́ ìwádìí ni iṣẹ́ mi, mo lọ kà wọ́n,
láti géètì iléèwé dé orí afárá Àlà,
aago méjì ọ̀sán sí mẹ́ta ààbọ̀.
Mọ́kàndínlógún ni mo bá.
Mẹ́jọ ń wo fóònù,
mẹ́fà ń wo nọ́ńbà tẹ́tẹ́ lójú gíláàsì,
méjì ń sùn,
méjì ń wo àwọn ọmọbìnrin náà, ojú tí mo fẹ́ fọ́.
Ó ku ẹyọ kan.

Bàbá Adélẹ́yẹ ló ni ín, fọ́kánáísà,
ìrìn táyà ló ba ìkejì jẹ́ ní ọdún gbọọrọ sẹ́yìn.
"Mẹ́rìnlá ló bá ibí kọjá láàárọ̀," ó ní,
"mẹ́rìnlá ni mò ń retí.
Tí mẹ́tàlá bá padà, mo pa ẹ̀rọ, mo dìde."
Ta ló rán an? Ó wò mí bí ẹni tó béèrè
ta ló rán òjò.

Ní ìpàdé, ọ̀gá wa gbé awò rẹ̀ sórí,
"Abala wo la ó kọ onítáyà sí?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ojú ń tì mí di báyìí.

Akínbọ̀dé ti padà wálé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Lánàá mo fún un ní bébà.
Ó ya iléèwé, fèrèsé rẹ̀ pé.
Ó ya ilé wọn, títí kan fíríìjì.
Àárín méjèèjì funfun.
Mi ò béèrè.
Mo fi báírò sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀,
mo ní n óò padà wá lọ́jọ́bọ̀.